Àpò Kan fún Ilé Kan

Kì í ṣe pé onígbàjámọ̀ náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kórìíra ara wọn. Wọn kò kàn bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni, ọdún kẹjọ sì nìyẹn. Ilé bàbá wọn ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí bàbá kú, tí ọ̀rọ̀ ilé di ariwo, wọ́n bẹ bíríkìlà kan, ó mọ ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, ó la pálọ̀ sí méjì. Fèrèsé àárín bọ́ sí ojú ògiri gan-an: ìdajì di ti ẹ̀gbọ́n, ìdajì di ti àbúrò, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn ní apá tiẹ̀, àbúrò ń gẹrun ní apá tiẹ̀. Bí oníbàárà bá ṣìnà, tó ru aṣọ ìdọ̀tí wọ ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, yóò ní, "Ibi tí wọ́n ti ń gẹrun nìyí," yóò sì panu mọ́. Kò jẹ́ sọ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ.

Nígbà tí odò kún àkúnya, ògiri yẹn ni omi kọ́kọ́ wó. Bíríkìlà náà kò ri ìpìlẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Onígbàjámọ̀ jí ní ìdájí, ó bá omi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gun tábìlì, ó gba ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ jáde, ó di orí òrùlé. Ibẹ̀ ló ti ń ké, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi o!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wá gbé e, ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà nínú ilé. Wọ́n fi ọ̀pá wá gbogbo yàrá, wọ́n ní àwọn kò rí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ lọ, ó jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ egungun ara rẹ̀. Ó ti gbà pé omi ti gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ.

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wà lórí òkè ni wọ́n kó àwọn tí omi lé nílé sí. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ onígbàjámọ̀ tó débẹ̀. Bó ṣe wọlé, ẹni tó kọ́kọ́ rí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jókòó lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé, tó ń bá ẹlòmíì fún aṣọ rẹ̀ gbẹ.  Onígbàjámọ̀ di ara ògiri mú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sí igun kejì gbọ̀ngàn, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àwọn oníṣẹ́ míṣọ́nnù gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé. Ọ̀nà wọn jìn. Ẹrẹ̀ ti bò wọ́n dé ojúgun. Pásítọ̀ wọn ga, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń pín oúnjẹ, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Míṣọ́nnù, kúrú, ohùn rẹ̀ kò nílò gbohùngbohùn rárá, òun ló sì gbé e dání.

"Ẹ kú ewu o! Ẹ kú òfò dúkìá! Àpò kan fún ilé kan. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà níbẹ̀, òróró, iyọ̀, ẹja inú agolo. A ò ní kẹ́nikẹ́ni dara pọ̀ mọ́ ìjọ wa kó tó jẹun. Orin kan péré la máa kọ, torí pásítọ̀ ti múra rẹ̀ sílẹ̀."

Orin tí pásítọ̀ dá, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ní kí Olúwa gbọ́wọ́ Rẹ̀ lé àwọn lórí, ohùn méjì yọ jáde gedegbe, ọ̀kan lábẹ́ pátákó, ọ̀kan ní igun kejì, pé kí Olúwa gbọ́bẹ̀ Rẹ̀ lé àwọn lórí. Etí màmá wọn ló wúwo. Bó ṣe gbọ́ orin náà ló ṣe fi kọ́ wọn, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń tọrọ ọbẹ̀ tọkàntọkàn. Kò sẹ́ni tó tíì là wọ́n lóye.

Ìyá Míṣọ́nnù yíjú síhìn-ín, ó yíjú sọ́hùn-ún. 

Nígbà tó kan onígbàjámọ̀ lórí ìlà, Ìyá Míṣọ́nnù bi í pé, "Èèyàn mélòó ló wà nílé yín?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Àti ẹ̀gbọ́n yín."

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ jọ ń tọrọ ọbẹ̀. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níbí."

Alágbàfọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bọ́ síwájú. Iwájú orí kan náà, imú kan náà, ètè kan náà tí wọ́n fún pọ̀ bí ẹnu àpò.

"Ṣé àbúrò yín rèé?"

"Mo mọ ìyá tó bí i," ni alágbàfọ̀ dáhùn.

"Ilé kan náà lẹ jọ ń gbé?"

Onígbàjámọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ògiri là á láàárín, mà."

"Ògiri ọ̀hún dà?"

Ó wolẹ̀. "Omi ti gbé e lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àpò kan."

Onígbàjámọ̀ gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ láti pẹjọ́. Pásítọ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, ó káàánú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbàdúrà fún un. Nígbà tí wọ́n la ojú, àpò kan náà ló ṣì wà nílẹ̀. Ó wúwo, ẹnì kan kò lè dá gbé e. Ẹ̀gbọ́n di etí kan mú, àbúrò di èkejì mú, wọ́n gbé e jáde bí ẹni gbé òkú.

Ìkòkò kan ni wọ́n yá, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n dáná sí. Ẹ̀gbọ́n ń ṣa ẹ̀wà, àbúrò ń fẹ́ iná. Nígbà tó yá, alágbàfọ̀ bá ìkòkò sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó ń fẹ́ iná yìí, eérú ló ń fẹ́ sínú ẹ̀wà."

Onígbàjámọ̀ bá iná sọ̀rọ̀. "Ẹni tó bá mọ iná fẹ́ jù, kó wá gbà á fẹ́."

Ẹ̀wà hó. Onígbàjámọ̀ ń wò ó bó ṣe ń yí po, ọ̀rọ̀ sì ṣàdédé já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo pè yín. Lórí òrùlé, mo pè yín títí."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́?"

"Orí igi ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, ewé bò mí. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ kí ọkọ̀ mìíràn tó gba ẹ̀yìn wá gbé mi. O tiẹ̀ pe orúkọ mi lásán lẹ́ẹ̀kan, o ò fi ẹ̀gbọ́n sí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dáhùn?"

"Kí n ní kí ni? A kì í sáà sọ̀rọ̀."

Onígbàjámọ̀ fẹ́ bínú. Ó la ẹnu kó bínú, ẹkún ló jáde, ẹkún bí ti ọmọ ọwọ́, tòun ti ikun. "Mo rò pé ẹ ti kú. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣọ̀fọ̀ yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀!"

Alágbàfọ̀ ro ẹ̀wà títí. Kò gbójú sókè. "Mo rí ọ nígbà tó o wọlé. Mo rí i bó o ṣe di ògiri mú. Mo fẹ́ dìde wá bá ọ, ẹsẹ̀ mi ló kọ̀." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú àbúrò rẹ̀, kò rọra nù ún, bí ẹni nu ìdọ̀tí lára kọ́là ẹ̀wù. "Má sunkún sínú ẹ̀wà mọ́. Mo ti fi iyọ̀ sí i."

Ẹ̀wà náà kò jinná tó. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu ìdí ìkòkò.

Nígbà tí ọkọ̀ míṣọ́nnù padà wá, Ìyá Míṣọ́nnù ní òun ti rò ó, pé bóyá òun fi agbára mú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́, òun lè fún oníkálukú ní tiẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni alágbàfọ̀ wí. "Ẹni yìí ò mọ ẹ̀wà ṣà. Òkúta ló máa jẹ kú."

Omi fà, wọ́n padà sílé. Òrùlé ti ṣí kúrò lápá àbúrò, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jọ ń sùn. Láàárọ̀, wọ́n á jà lórí ẹni tó gbé garawa síbi tí kò yẹ. Lọ́sàn-án, wọ́n á jà lórí irun tí atẹ́gùn fẹ́ sára aṣọ tí wọ́n sá. Ariwo wọn ń dé ìkángun àdúgbò. Nígbà tó sú ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe ní ọ̀kánkán wọn, ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sùúrù bá ara wọn lò, pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Alágbàfọ̀ sì fún un ní àga.