Àmì Tí Òyìnbó Kò Fi Sórí Agbọ́kọ̀

Tinúadé, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ jókòó ná. Ẹ ní apá mi ò ká bàbá yín mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ láti rìn. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ yín ní Ìlọrin, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná lórí àga yìí.

Ẹ wo máàpù àtijọ́ tí bàbá yín fi kọ́ ara ògiri yẹn. Odò abúlé rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú odi mẹ́ta tí àwọn ṣọ́jà òyìnbó mọ létí rẹ̀. Àpáta ò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá níbẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e gbà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe ibẹ̀ ní Agbọ́kọ̀. AGBOKO ni òyìnbó tó yà á kọ, kò fi àmì kankan sí i.

Bí mo ṣe tòògbé báyìí, odò inú máàpù ṣàn dé ẹsẹ̀ mi. Máàpù ní, "Ìyá Tinúadé, ó kàn ọ́." Mo ní ó dáa, mo ká a sábẹ́ apá, mo bọ́ sọ́nà.

Ṣọ́jà odi kìíní ka orúkọ ibẹ̀. "Agbọ́kọ. Ó yá, gbé ọkọ rẹ!"

"Ọkọ̀ ni, sà. Ti ojú omi."

"Àmì rẹ̀ dà?"

Mo wò ó títí, n kò rí àmì. Ni mo bá fi ọ̀já pọn bàbá yín. Rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ìròyìn. Àwọn ọkọ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn kọjá, wọ́n ń kí wa kú ìrìn.

Odi kejì léfòó lókè bí ọmọrí ìkòkò. Akọ̀wé ibẹ̀ yọrí lójú fèrèsé: "Màámi, apá yín ò ká a. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀." Ohùn rẹ ni, Tinúadé. Mo sáré. Ọ̀já ń tú, mo ń so ó, ó tún ń tú.

Ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wà ní odi kẹta. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá láìní ìwé à... mèèè!" Ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, àgbà ìjọba ṣáà ni. Mo na máàpù sí i, ó ń jẹ ẹ́. Bàbá yín sọ sí mi létí pé, "Má sọ mí kalẹ̀ o, odò ti dé tán."

Mo ta jí. Ewúrẹ́ Ìyá Súlè ará ilé kejì ló dúró lórí àpótí, ó ti jẹ etí máàpù dé odi kẹta. Ẹ lọ wò ó.

Bàbá yín ń pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ìyá Tinú, gbé mi dìde kí n lé ẹran yìí!"

Mo gbé e dìde, èmi nìkan. Ó ju bàtà lu ewúrẹ́, kò bà á. A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ẹ̀yin ẹ máa wá bá mi gbé ìyókù. Tinúadé, dá báàgì bàbá rẹ padà sí yàrá.