Ẹsẹ̀ Séverin Kò Kan Ilẹ̀

Ẹ̀yin náà ti fura: kì í ṣe nítorí òmìnira ni Séverin ṣe fẹ́ gun òkè. Òun sọ pé nítorí òmìnira ni. Ó sọ ọ́ ní biró níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì kí i lọ́jà Pobè: pé lọ́jọ́ tí Dàhòmẹ̀ bá pé ọdún kan tó ti kúrò lábẹ́ Faransé, òun yóò fi kẹ̀kẹ́ gun òkè tó ti ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí wọ ìlú, òun yóò yí padà sí ìsàlẹ̀, òun yóò tún un gùn, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ẹsẹ̀ òun kò sì ní kan ilẹ̀. "Fún orílẹ̀-èdè ni," ni yóò wí, yóò wá fọwọ́ pa irun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe nǹkan fún orílẹ̀-èdè kì í kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹni tó máa ya fọ́tò yóò dúró sí.

Kẹ̀kẹ́ náà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sakété ló ti rà á lọ́wọ́ Bàṣírù oníṣòwò, kàmíyọ̀n ló sì gbé òun àti kẹ̀kẹ́ wálé, àwọn méjèèjì lórí àpò iyọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, òkè tó ga jù tí Séverin tíì gùn rí ni àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ ọ̀pẹ tó ti ń ṣe akọ̀wé.

Victorine, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló bá a rán ṣòkòtò péńpé tí yóò wọ̀, èyí tí Séverin ń pè ní kílọ́ọ̀tì. Ó ti rí i nínú ìwé ìròyìn Faransé kan pé àwọn ògbólógbòó agunkẹ̀kẹ́ kì í wọ ohun tó bá balẹ̀. Ó ní kí Victorine rán an fún mọ́ òun lára sí i. Victorine rán an fún. Ó ní kó tún fún sí i. Marcelline, ọ̀gá tó kọ́ Victorine níṣẹ́ ìránṣọ, gbójú sókè lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀.

"Victorine, ṣé ọkọ lò ń ránṣọ fún ni, àbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ lò ń pọ́n?"

Ìwé ìròyìn kan náà ló sọ pé wọ́n máa ń fi òróró pa ẹsẹ̀. Séverin kò rí òróró Faransé, ó bá lọ ra àdín. Àdín dára fún ọmọ tí gìrì mú, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà fi para láti itan dé kókósẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Òórùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, kì í sì í bá a jáde. Ìwé ìròyìn náà tún ní ẹyin tútù ń fún orúnkún lágbára. Ojú Victorine ló ti ń fọ́ ọ sẹ́nu, tí yóò gbé e mì, tí yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ohun tó ń yọ̀ lágbọ̀n, tí yóò wá na ẹnu sí i pé kó wá. Victorine a ní ọ̀gá òun ń pe òun.

Síbẹ̀ ó fẹ́ ẹ. Tàbí ká sọ pé kò fẹ́ Ládiípọ̀. Ọdẹ́wálé, bàbá Victorine, àgbẹ̀ ní Igana, ti ní òun kò ní bá ọkùnrin tí kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún òun sọ̀rọ̀ ìyàwó. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Séverin, iṣẹ́ pọ̀ ní biró. Ìgbà tí wọ́n tún ránṣẹ́, iṣẹ́ ṣì pọ̀. Bàbá wá ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀ ní Pobè lọ́jọ́ àjọ̀dún náà fúnra òun. Bí ọkùnrin yìí bá dọ̀bálẹ̀ fún òun lọ́jọ́ náà, ó parí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé Ládiípọ̀ ti wá tọrọ, Ládiípọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí eyín iwájú rẹ̀ sì ti ń gba afẹ́fẹ́.

"Ìdọ̀bálẹ̀ kan péré ni," Victorine wí fún Séverin. "Mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan mìíràn."

"Kan kẹ̀? Màá dọ̀bálẹ̀ títí bàbá á fi bẹ̀ mí pé kí n dìde."

Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́. Òjò ti rọ̀ lóru, amọ̀ dúdú ìsàlẹ̀ òkè sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Bàbá kò tíì dé láti Igana. Àwọn géńdé méjì di kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n gbé Séverin lé e bí ẹni gbé ère sórí pẹpẹ, wọ́n tì í, ó lọ. Èrò pàtẹ́wọ́. A kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó gùn ún. Ó dé òkè, ó yí po, ó sáré lọ sísàlẹ̀, ó tún gòkè bọ̀.

Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ó ti di nǹkan mìíràn. Amọ̀ ti bá àdín pọ̀ lára rẹ̀, òógùn ti la ọ̀nà kọjá nínú méjèèjì, eṣinṣin sì ti mọ̀ pé ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Ó ń fọn ikun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìwo ẹni tó dúró níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta àkàrà gbé igbá rẹ̀ sá wọ inú igbó. Lẹ́yìn náà ni ẹyin tútù àárọ̀ padà wá. Kò dúró fún un. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bì í bó ti ń lọ, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ sì bà sí itan kílọ́ọ̀tì funfun. Àwọn ènìyàn hó yèè fún un. Victorine, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán kílọ́ọ̀tì náà, gbá imú mú.

"Tó o bá fẹ́ ẹ," Marcelline wí, "ìwọ lo máa fọ̀ ọ́."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ọdẹ́wálé dé, ó pa aṣọ lé èjìká, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí òkè ti ga jù. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tó sì pàdé àgbà, bíbọ́ ni yóò bọ́ sílẹ̀, yóò kí i tán kó tó tẹ̀ síwájú. Bó bá wá jẹ́ àna ni, kẹ̀kẹ́ gan-an ì bá dọ̀bálẹ̀. Séverin ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá," ló wí láti òkè, ó sì kọjá.

Bàbá wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀.

"Ta ló kí mi bí ẹyẹ?"

Victorine kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

Bàbá rò ó. "Ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọkùnrin tó lè pa ẹ̀jẹ́ mọ́ lójú àna rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Oòrùn á sáà wọ̀. Ẹ wá ìjókòó fún mi."

Oòrùn wọ̀ lóòótọ́. Èrò hó pé ó parí, pé Pobè ti lọ́kùnrin. Bàbá dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ pa. Victorine tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí àyà Séverin má baà dọ̀tí, bí ẹni pé ààyè ìdọ̀tí ṣì kù níbẹ̀. Séverin gòkè dé. Ó wo Bàbá. Ó wo ẹní.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá." Ó kọjá.

"Èènì ló ń fi lé e," ẹnì kan wí láàárín èrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yí po, ó lọ sísàlẹ̀, ó tún padà gòkè.

"Séverin, bọ́ sílẹ̀," Victorine wí.

"Mo ń bọ̀."

"Bàbá mi ló dúró yìí."

"Ẹ kú ìdúró, Bàbá." Ó tún ti kọjá. Ẹ̀rín kò yọ mọ́.

Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Victorine, ká ẹní yẹn. Eyín Ládiípọ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ilẹ̀ wà."

Ó kọrí sí ọ̀nà Igana. Kò tíì rìn jìnnà tí Séverin tún gòkè bọ̀, tí agbára tán, tí kẹ̀kẹ́ dúró, tó ta gìẹ̀gìẹ̀, tó sì ṣubú sínú kòtò tí àwọn obìnrin ń da omi ìfọ̀ epo sí. Ó yọ orí jáde pẹ̀lú háhá ẹyìn nínú irun tó ń fọwọ́ pa. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò yẹn. Victorine kò na ọwọ́ sí i. Ó di ẹní mú, ó ń wò ó bí ẹni wo aáyán nínú ọbẹ̀.

Èrò bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Èwo ni kó fi àna sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ́ ti pé? Marcelline ní ìgbéraga ni. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti ṣe é ni. Bàṣírù, tó ti Sakété wá láti wo bóyá ẹnì kan á tún ra kẹ̀kẹ́, fa kẹ̀kẹ́ náà yọ nínú kòtò, ó ń fi ewé nu ọ̀pá rẹ̀.

"Ọjọ́ kìíní la fi ń kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ọjọ́ kejì ni. Akọ̀wé ò wá lọ́jọ́ kejì."