Ọgbà Tí Ojú Ò Rí

Ẹ̀rọ-Ò-Purọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, òun náà sì fẹ́ràn orúkọ ọ̀hún ju èyí tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ lọ. Màlúù mọ́kànlá ló ń sìn. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, fóònù ló máa kọ́kọ́ wò. Bí fóònù bá ní oòrùn ń ràn, a jẹ́ pé omi tó ń kán sí i lórí ló ń purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Koríko pápá òkè ti tán, ó ku ilẹ̀ lásán. Koríko pápá ìsàlẹ̀ ga dé orúnkún, ṣùgbọ́n etí oko ẹ̀wà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà, ẹ̀wà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn màlúù já wáyà, wọ́n jẹ ẹ̀wà náà tewé tegbò. Ẹ̀rọ-Ò-Purọ́ ní wáyà ló jẹ̀bi, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni títí dòní. Àwọn méjèèjì ni bàbá wọn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún. Bí ẹ̀gbọ́n ò bá fọwọ́ sí i pé kí màlúù wọ pápá ìsàlẹ̀, àfi kó ta mẹ́rin nínú wọn kí ebi má baà pa gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n gbé àga onírọ́bà dé láti wá wo ọgbà tuntun tí àbúrò ẹ̀ lóun ṣe, ó jókòó bí adájọ́.

"Ọgbà ọ̀hún dà?"

"Ẹ ò lè rí i, Àǹtí mi. Inú fóònù ni mo fa ìlà ẹ̀ sí. Iwájú yín yìí gan-an ló gbà kọjá."

"Ó dáa. Ọkọ tèmi náà ń kọ́ ilé tí ojú ò rí fún mi látọjọ́ tó ti fẹ́ mi."

Ó ṣàlàyé bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Màlúù kọ̀ọ̀kan ti wọ bẹ́líìtì ọrùn tó ní ẹ̀rọ lára. Bó bá sún mọ́ ìlà, bẹ́líìtì á máa kọrin. Bó bá ṣorí kunkun, orin á ròkè sí i. Bó bá tún gbẹ́sẹ̀, iná á ta á díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ wọn. Ní báyìí, orin nìkan ti tó wọn.

"Ṣé kì í dùn wọ́n?"

"Dùn wọ́n kẹ̀? Bí ìgbà tí kòkòrò bá ta èèyàn ni."

"Kòkòrò wo? Èèrà ni àbí agbọ́n?"

Ẹlòmíì ì bá dákẹ́. Ẹ̀rọ-Ò-Purọ́ mú bẹ́líìtì kan tó ṣẹ́ kù, ó fi sípánà dè é mọ́ ọrùn ara ẹ̀, ó tún un ṣe bí ọkọ ìyàwó ṣe ń tún táì ṣe. Ó fi fóònù àti sípánà sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ó wọ inú pápá òkè lọ, ó yí padà, ó ń yan bọ̀. Àwọn màlúù tẹ̀ lé e.

Tíí-tíí-tíí, ni bẹ́líìtì ń ké. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i? Orin lásán ni..."

Ó gbẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, fìlà kúrò lórí.

"Agbọ́n ni," ẹ̀gbọ́n wí.

Ó fa bẹ́líìtì náà títí, kò tú láìsí sípánà; wọn ò ṣe é fún ohun tó lọ́wọ́. Ó tún sún mọ́ ìlà, orin tún bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn màlúù ṣe gbọ́ ọ, gbogbo wọn yí ẹ̀yìn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Àgbà ló ṣáájú, màlúù tó kọ́kọ́ já wáyà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó bojú wo olówó ẹ̀ tàánútàánú, bí ẹni tó ti jókòó ṣe ìdánwò ọ̀hún rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ìlà yẹn sẹ́yìn."

"Mi ò mú awò ojú mi wá. Ẹ̀wà mi ńkọ́?"

"Ẹ̀wà wo?"

"Ti ọdún méjì sẹ́yìn."

"Ṣebí wáyà ló..." Ó ti gbàgbé, ó sún síwájú. Tíí-tíí-tíí!

"Ẹ̀rọ ò purọ́ o," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ó dúró. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mo rí i pé wáyà yẹn ti dógùn-ún. Mo kàn ya fọ́tò ẹ̀ ni, mi ò tún un ṣe."

"Ẹn-ẹ́n." Ó yọ awò ojú tó lóun ò mú wá látinú àpò. "Kó àwọn màlúù ẹ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè dá ìwọ dúró, ìwọ tí ìyá wa ò lè dá dúró, màlúù wo ló fẹ́ borí ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n fi ìka fa ìlà tuntun lójú fóònù, ó fi ẹsẹ̀ bàtà ogún jìnnà sí ẹ̀wà. Àwọn màlúù na ìrù sókè, wọ́n tú yáà sínú koríko bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo fún. Ẹ̀rọ-Ò-Purọ́ ń sáré láàárín wọn, ó ń pariwo ayọ̀, bẹ́líìtì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Létí oko ẹ̀wà, ó gbọ́ tíí kan ṣoṣo, ó sì dúró gbọnin kí màlúù kankan tó dúró.

"Ó mà gbọ́n ju Ìyá Àgbà lọ!" ni ẹ̀gbọ́n kígbe.

Ọwọ́ ẹ̀ ni sípánà wà. Kò kánjú rárá.