Ipasẹ̀ Halushka Nínú Yìnyín

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ pé ológbò ń gbé lójú ogun, tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, eku ò tíì jẹ okùn rédíò yín ni. Tiwa, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n jẹ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń sáré kọjá lójú wa bí a bá dùbúlẹ̀. Ìgbà tí ológbò eléérú kan rìn wá láti abúlé tó jóná, tó wọ inú yàrà wa bí onílé, ni a tó rí oorun sùn.

Bàbá Panas ló sọ ọ́ ní Halushka, nítorí ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí òkèlè ìyẹ̀fun inú ọbẹ̀ tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Bàbá Panas, ó ń tún katakata ṣe ní abúlé kan lẹ́bàá Poltava kí ogun tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sá lọ sí Pólàńdì. Bí àgbá ogun bá ń dún, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Bí ó bá ti ki ọwọ́ náà sínú irun Halushka báyìí, kò ní gbọ̀n mọ́. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a kì í sọ ọ́.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí a gbẹ́ sínú yàrà náà: Bàbá Panas, èmi Zenoviy tí mo jẹ́ onígbàjámọ̀ ní Kolomyia, àti Yarema ọ̀gá wa, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ìparí oṣù kọkànlá ni yìnyín bo ilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí yìnyín bá ti dá, ẹnikẹ́ni kì í jáde. A ń dúró dìgbà tí òmíràn bá ń bọ́, kí ó lè bo ipasẹ̀ wa. Bí ọ̀ràn bá le, ẹni tó jáde á mú ẹ̀ka igi dání, á máa fi gbá ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́ bó ṣe ń lọ. Nítorí ẹyẹ ni. Ẹyẹ la ń pe dírónù àwọn ọ̀tá, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, tó ń gbé bọ́ǹbù. Bí ó bá rí ipasẹ̀ tó wọ ihò, ó ti rí ẹni tó wà nínú ihò nìyẹn.

Ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ológbò?

"Bàbá Panas," ni Yarema wí, "ẹ so ó mọ́lẹ̀, tàbí kí n yìnbọn fún un. Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ."

"Ọ̀gá, ṣé o mọ iye eku tó ti pa? Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé a di ti èkúté. Ṣé ìwọ lo máa bá wọn sùn?"

"Mo ti gbọ́. Ẹ so ó."

"Ó dáa, màá so ó. Ṣùgbọ́n má dárúkọ ìbọn mọ́, ọmọ yìí."

Ó fi okùn bàtà so ó mọ́ òpó ìlẹ̀kùn. Haà, ẹ gbà mí! Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹranko yẹn fi ké. Kò jẹun. Ẹyẹ ń kùn lókè, ológbò ń ké nísàlẹ̀, eku ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn pákó ògiri. Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde, mo tún nu ìbọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Bàbá Panas kọjú sí ògiri, ó fi ìka di etí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Yarema wà nídìí rédíò, Bàbá Panas dùbúlẹ̀, mo rò pé ó sùn. Mo lọ sídìí òpó, mo tú okùn náà. Mo ní kó kàn na ẹsẹ̀ nínú ihò ni. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi; igbe yẹn ló sú mi. Ó fo ẹsẹ̀ mi kọjá, ó sì jáde. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní yóò padà kí wọ́n tó mọ̀.

Ó padà lóòótọ́, ó gbé eku kan sẹ́nu, inú rẹ̀ ń dùn. Bàbá Panas yọjú sẹ́nu ihò, ó sì rí i: ipasẹ̀ kéékèèké, láti ilé kan tó jóná lábúlé ọ̀hún títí dé ẹnu ọ̀nà wa, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

"Màá lọ gbá a," ló wí. Ó ti mú ẹ̀ka igi. Àṣà wa ni pé a kì í jáde láìkọ́kọ́ jókòó díẹ̀ kí ọ̀nà lè dára, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ."

"Ìwọ onígbàjámọ̀ tí kò mọ ilẹ̀ gbá, tí irun oníbàárà kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Di ológbò mú, jàre."

Ó kù díẹ̀ kó gbá a tán nígbà tí ẹyẹ dé. Bàbá Panas kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ó lè sá wọlé, ṣùgbọ́n bí ó bá sá wọlé, ó ti fi ihò hàn. Mo rí i tó yíjú wò wá. Lẹ́yìn náà ó sá gba ọ̀nà yàrà àtijọ́ tí kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́, ẹyẹ sì tẹ̀lé e. Mo fún Halushka mọ́ àyà débi pé ó fi èékánná ya mí lọ́wọ́. Bọ́ǹbù náà dún.

Nígbà tí ẹyẹ lọ, a wọ́ ọ wọlé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti lọ láti orúnkún. Yarema ń so itan rẹ̀ pa, ó ń sunkún, ó sì ń bú.

"Ta ló tú ológbò yìí? Mo ní ta ló tú u?"

Mo wo okùn bàtà tó wà nídìí òpó.

"Èmi ni," ni Bàbá Panas wí. Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. "Ó ń ké, ọ̀gá. Àánú rẹ̀ ṣe mí."

Ó ti rí mi. Kò sùn rárá ní àárọ̀ yẹn.

"Àgbàyà!" Yarema pariwo lé e lórí. "Ẹ fẹ́ pa wá nítorí ológbò!" Ó bú u títí yìnyín fi tún ń bọ́, tí àwọn tó máa gbé e lọ fi dé. Mo wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Ilé ìwòsàn kan ní Dnipro ló wà báyìí. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ pé, "Bàbá, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn," á ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi.

"Ṣé Halushka ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, Bàbá."

"Yarema ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bú mi?"

"Ó ṣì ń bú yín."

"Jẹ́ kó máa bú mi," á wí. "Ìwọ lo ṣì ń bá a gbé inú ihò kan náà."