Agogo Tí A Fi Koríko Dí Lẹ́nu

Ní Hinterkar, abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè, ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ̀ kó màlúù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gòkè nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń sọ̀ nígbà tí koríko bá bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Romana mọ èyí láti kékeré, ṣùgbọ́n ìlú ńlá Vienna tó ń gbé ti mú kó gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni kó máa ṣètò àkókò tí ọkọ̀ ojú irin yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde, títí òun fúnra rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkọ̀ ojú irin. Bó bá wá kí ìyá rẹ̀, kò ní tíì bọ́ kóòtù tí yóò ti máa wo aago. Oúnjẹ tó ti tutù sórí tábìlì nítorí rẹ̀ kò lóǹkà.

Ìyá náà, Kreszenz, ti wà lórí ibùsùn báyìí, lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọkàn rẹ̀ sì ti rẹ̀. Dókítà sọ fún Romana lórí fóònù pé kò dájú pé màmá náà á bá yìnyín ọdún yìí. Ohun kan ṣoṣo ni Kreszenz ń fẹ́: kó tún gbọ́ agogo ọrùn àwọn màlúù rẹ̀ bí wọ́n bá ń ti òkè bọ̀, tí wọ́n ń gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, kí Ọlọ́run máa ṣe bó ṣe fẹ́.

Romana gbọ́, ó sì ṣe bí oníkánjú ṣe ń ṣe. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibi tí irin parí sí, ó dé Hinterkar, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọkọ̀ akẹ́rù, pé òun fẹ́ kí àwọn màlúù délé lọ́jọ́ kejì. Vinzenz, bàbá àgbàlagbà tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá lè gun òkè yẹn, kí wọ́n jọ̀ọ́ pe òun, òun náà fẹ́ wòran. Bí obìnrin náà ṣe fi bàtà ìgboro gun òkè nìyẹn o.

Lókè, Burgl, àbúrò Kreszenz, ló ń dá tọ́jú àwọn màlúù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru. Romana ò tíì mí délẹ̀ tó fi ní kí wọ́n máa lọ. Burgl na ọwọ́ sí ọmọ màlúù kan tó ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, Gamsl. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì ranlẹ̀, a kì í sì í fi ọmọ sílẹ̀ lórí òkè.

“Màmá lè má lè dúró, Àǹtí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun á dúró,” ni Burgl wí. “Ìwọ ni o ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Romana, nítorí pé òótọ́ ni.

Ní àárọ̀ tó tẹ̀lé e, orí àpáta kan ló lọ dúró sí, ó ń na fóònù sókè bí ẹni ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀run. Fóònù ò rí nǹkan kan mú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bá Burgl tó jókòó ti ìkòkò wàrà. Wàrà tí a bá fẹ́ fi ṣe wàràkàṣì, ńṣe la máa ń jókòó tì í títí yóò fi dì. Bí a bá fi ìgbákọ rò ó ṣáájú àsìkò, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn méjèèjì jókòó tì í. Òòrùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó rìn kọjá lórí ilẹ̀ pákó, ó gun ẹsẹ̀ àga, ó sì jáde lọ. Romana ò mọ ìgbà tí oorun gbé e lọ. Nígbà tó jí, wàrà ti dì, ìkúukùu ti bo gbogbo pápá, agogo àwọn màlúù sì ń dún nínú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan nísàlẹ̀, láìrí màlúù kankan. Ó dà bíi pé òkè náà ló ń dá sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí jẹun láìdìde. Ó jókòó pẹ̀lú Burgl, wọ́n ń hun adé òdòdó tí àwọn màlúù yóò dé wálé: ẹ̀ka igi páìnì, òdòdó gbígbẹ, rìbọ́ọ̀nù pupa. Bó bá hun ún ní ìkánjú, Burgl á tú u láìbínú, á dá a padà sí i lọ́wọ́. Aago ọwọ́ Romana wà nínú bàtà kan lábẹ́ ibùsùn, kò sì rántí rẹ̀ mọ́.

Agogo kékeré kan wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ ewúrẹ́ lọ́rùn. Romana béèrè ẹni tó ni ín.

“Ìwọ ni,” ni Burgl dáhùn. “O máa ń sá kiri nígbà náà, àfi bí ewúrẹ́. Ìyá rẹ ló so ó mọ́ ọ lọ́rùn. Bí etí rẹ̀ ò bá ti gbọ́ ọ, kò ní lè gbé oúnjẹ mì.”

Romana dìde. Ó yọ agogo náà lórí ìṣó, ó fi sí àpò.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọmọ màlúù ranlẹ̀. Wọ́n dé adé fún wọn, wọ́n so agogo ńlá mọ́ wọn lọ́rùn, Zirbe tó jẹ́ olórí wọn sì gba iwájú. Ìkúukùu ọjọ́ náà le débi pé ẹni tó ń tẹ̀lé màlúù ò rí ìwo rẹ̀. Ní ìsun omi tó wà lókè ìlú, ó rẹ ọmọ màlúù náà, ó dùbúlẹ̀. Burgl ní òun á dúró ti ọmọ náà àti Gamsl, kí Romana máa kó ìyókù lọ.

Ibẹ̀ ni ìwà àtijọ́ ti tún yọjú. Romana rò ó pé bí agogo yìí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí dún láti òkèèrè, á jí Màmá, á ti rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó dé. Ó sàn kí wọ́n dé láìpariwo. Òun á kọ́kọ́ wọlé, òun á gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, òun á fún un ní tíì, nígbà náà ni agogo á wá dún, ní àkókò tó yẹ gẹ́lẹ́. Ó já koríko tútù, ó fi dí gbogbo agogo lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn sí ètò náà.

Wọ́n wọ ìlú. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń retí. Wọn ò rí adé òdòdó nínú ìkúukùu. Pátákò nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ìyá kan fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Romana rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni, ó sì ń mi orí sí wọn. Ìgbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí dún, ọ̀kan, kó dákẹ́ pẹ́, kó tún dún, ni ó tó dúró gbagidi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ohun tí gbogbo ọmọdé Hinterkar mọ̀: ilé tí òkú bá kàn nìkan ló ń dí agogo màlúù rẹ̀ lẹ́nu.

Ó sáré. Ó bá ìyá rẹ̀ tó ti dá jókòó sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń tá ràrà nínú afẹ́fẹ́.

“Burgl, má fi pamọ́ fún mi,” ni Kreszenz wí. “Èmi wà níbí, èmi ò kú. Romana ni, àbí? Òkè ti pa ọmọ mi.”

“Èmi nìyí, Màmá.”

Ọwọ́ gbígbẹ náà wá ojú rẹ̀ kàn. Ó fọwọ́ pa iwájú orí, imú, àgbọ̀n. Ó di etí rẹ̀ mú, ó fà á bí wọ́n ṣe ń fa ti ọmọdé, màmá náà sì bú sẹ́kún. Romana ti rò láti ọjọ́ yìí pé màlúù ni ìyá òun ń dúró dè. Ojú tì í, ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀ débi pé àyà ń dùn ún.

“Ta ni Vinzenz ń lu agogo fún?” ni Kreszenz béèrè nígbà tó yá.

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Mo ń bọ̀.” Ó nu ojú rẹ̀. “Kó wọn padà lọ síbi ìsun omi, kí o yọ koríko yẹn.”

“Mo rò pé á rẹ̀ yín ni.”

“Gbígbọ́ tí mo bá ń gbọ́ yín bọ̀ láti òkèèrè ni mo fẹ́, ọmọ yìí. Bí ẹ bá ti dé, ó tán nìyẹn. Má sáré.”

Bí wọ́n ṣe yí gbogbo màlúù padà nìyẹn, àwọn ará ìlú ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bú Romana tìfẹ́tìfẹ́. Níbi ìsun omi, Burgl gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin mà le o. Àwọn méjèèjì fìka yọ koríko kúrò lẹ́nu agogo kọ̀ọ̀kan. Ọmọ màlúù náà ti dìde.

Zirbe tún gba iwájú. Romana lọ sẹ́yìn pátápátá. Ó mú agogo kékeré náà jáde láti àpò, ó so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀, àgbà obìnrin tó ti ní ewú lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré, ó kọ̀ fún un. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti dé, ó tán, kò sì fẹ́ kó tán. Ó rọra ń rìn títí àwọn màlúù fi fi í sílẹ̀, ó ku òun nìkan nínú ìkúukùu.

Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Vinzenz, tó ti wá tọrọ àforíjì, jókòó ti aláìsàn náà. Romana gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń fi ohùn agogo dárúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá: Zirbe nìyẹn, Alma nìyẹn, Gamsl àti ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, agogo kékeré nìkan ló kù tó ń dún bọ̀.

“Ó kù kan,” ni Vinzenz wí. “Ṣùgbọ́n èyí mà kéré jù fún màlúù.”

“Romana ni,” ni Kreszenz dáhùn. “Gbọ́ ọ. Kò sáré.”