Rúlà Aránṣọ àti Oorun Alábúrẹ́dì

Obìnrin aránṣọ kan wà tí ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, tí ó ń fi ojú ṣọ́ abẹ́rẹ́, tí ó sì ń fi etí méjèèjì ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Alábúrẹ́dì ni ọkọ. Òru ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun, nítorí náà ọ̀sán gangan ni ọkùnrin náà máa ń sùn. Iyàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní: bẹ́ẹ̀dì nìyí, ẹ̀rọ ìránṣọ nìyí, àga aránṣọ ló wà láàárín.

Ọkùnrin náà a máa hanrun bí ẹni ń wọ́ tábìlì lórí símẹ́ńtì. Ìyẹn kò ba aránṣọ lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìgbà tí ariwo náà bá ṣàdédé dákẹ́. Àyà á máa lọ sókè sódò, èémí kò ní wọlé. Aránṣọ á na ọwọ́, á fi rúlà onígi tó fi ń wọn aṣọ gún un níhà. Ọkọ á mí kanlẹ̀, á yí padà, ẹ̀rọ á tún máa lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é, ó ti dà bí ìgbà tí èèyàn ń lé eṣinṣin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ìyàwó wo ni kì í gún ọkọ rẹ̀ níhà?

Ṣùgbọ́n oorun tí a ń já lójoojúmọ́ kò lè yó ni. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lórí ìdúró lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Oorun-ò-mọ̀gá. Lọ́jọ́ kan ó sùn lọ níwájú ààrò. Irin gbígbóná bó o lápá, búrẹ́dì sì di èédú.

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Bóyá ọtí ni o, bóyá ìwà ọ̀lẹ ni o, èmi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ àìsàn, gbàwé dókítà wá kí oṣù tó parí. Láìṣe bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ padà wá, kí iná má bàa jó ọ pa mọ́ mi lọ́rùn."

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní àwọn máa yẹ oorun rẹ̀ wò, ọ̀sán tó máa ń sùn náà ni wọ́n sì fi í sí. Nọ́ọ̀sì lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àti lẹ́sẹ̀. Ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú, ó fi ohun kan tí ń tan iná pupa há a níka.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dà bí rédíò tí wọ́n tú," ni aránṣọ wí.

"Máa rẹ́rìn-ín. Ta ni oorun máa kùn báyìí?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti ń wọ́ tábìlì. Aránṣọ jókòó tì í, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ oníbàárà.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, dókítà mi orí. "Bàbá, èémí tó bá dá tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá là ń kà sí àìsàn. Tiyín fẹ́ dá léraléra, ṣùgbọ́n kò pé bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń ta jí. N kò lè kọ ohun tí ẹ̀rọ kò rí."

Alábúrẹ́dì wo ilẹ̀. "Ọ̀lẹ náà ni mí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún aránṣọ ju abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fídíò tí a ká nígbà tí wọ́n ń sùn."

Wọ́n wò ó. Alábúrẹ́dì dákẹ́, rúlà yọ láti ẹ̀gbẹ́, gbì! Ó dákẹ́, rúlà tún yọ.

Dókítà ní, "Màmá, kí lẹ ń fi igi gún wọn fún?"

"Kí wọ́n lè mí ni o."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlá."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ba àyẹ̀wò wa jẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n àwa la ò bi yín."

Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n mú aránṣọ jókòó ti nọ́ọ̀sì nínú yàrá kejì, níwájú ẹ̀rọ tí ń fi èémí hàn bí ìlà. Ó na rúlà sí nọ́ọ̀sì. "Gbà á, ọmọ mi. Orí mi gbọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́."

Ìlà náà ń lọ gbágungbàgun. Ó dédé tẹ́ pẹrẹsẹ. Nọ́ọ̀sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Aránṣọ ti dìde.

"Yóò kú!"

"Wọn ò ní kú, Màmá. Ara wọn fúnra rẹ̀ máa jí wọn. Mo ń wo bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn níbí. Tó bá burú, èmi ni màá kọ́kọ́ sáré wọlé."

Ó di aránṣọ lọ́wọ́ mú. Ní ogójì, alábúrẹ́dì mí kanlẹ̀. Aránṣọ náà mí. Ìgbà méjìdínlógójì ló rí bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń dí bí ọkùnrin náà bá ti sùn, ó sì fún un ní ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú. Ọ̀gá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Mo sì pè ọ́ ní ọ̀lẹ o. Má bínú. Lọ máa po ìyẹ̀fun, kúrò nídìí ààrò títí ara rẹ á fi yá."

Ọ̀sán àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ nílé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ba aránṣọ lẹ́rù. Ó mú rúlà, ó tẹ̀ síwájú. Àyà ọkọ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó jókòó padà.

Alábúrẹ́dì ló jí nítorí kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé orí lé apá aṣọ tí kò tíì rán tán, ó sùn fọnfọn, ó tilẹ̀ ń hanrun. Ọkùnrin náà mú rúlà. Ó fetí sílẹ̀. Èémí wọlé, ó jáde; ó tún wọlé. Ó rọra gbé rúlà náà sílẹ̀.