Igbá Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ọkọ

Wọ́n ní ìyá àgbà ilé Oyètúndé wo eré ọjọ́ náà tán, ó ní... Wọ́n ní ìyàwó inú eré yẹn, àfi bíi... Wọ́n ní bí igbá bá ti lè kọ̀, ta ni yóò tún... Bí mo bá súnmọ́ wọn, wọn a dákẹ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi káàbọ̀.

Ọdún kejì tí reluwé wọ Ọ̀fà ni. Àwọn eégún aláré ṣeré ìgbéyàwó kan nítòsí ibùdó ọkọ̀. Wọ́n bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, wọ́n da igbá dojú bolẹ̀ kí ó tẹ̀ ẹ́ fọ́, torí iye tó bá fọ́ sí ni iye ọmọ tí yóò bí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, igbá kò fọ́. Àwọn ará ilé ọkọ kẹ̀yìn sí i. Ibẹ̀ leré parí sí.

Kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Bàbá wa, Akínwándé, ní ijó wọn dáa, eré ló gùn jù. Ìyá wa ní ẹni tó sun ẹkún ìyàwó yẹn kò tíì kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀ rí. A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi Àṣàkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n gbé e fún Oyètúndé, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko Ojoku kó dé. Wọ́n ní kò láya rí.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn káàkiri, Àṣàkẹ́ kò kọ́ ẹkún ìyàwó rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a lẹ́yìn ilé, ó da igbá ìmumi ìyá wa dojú bolẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Èèwọ̀ ni kí ìyàwó dán an wò ṣáájú ọjọ́. Igbá náà kò fọ́. Ó wò mí.

Bàbá ní kò sí ẹni tí yóò fi eré ba ọmọ òun jẹ́. Ó rán alárinà sí ilé Oyètúndé pé ọ̀la ni ìgbéyàwó, kí ẹnu tó pọ̀ sí i. Wọ́n ti ń di irun Àṣàkẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé ìkòkò lọ sódò.

Mo bá Àdìkẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó agbo ilé Oyètúndé, ẹni tó bá ìyá àgbà jókòó sórí ẹní kan náà lọ́jọ́ eré. Èmi tí n kì í bi àgbà léèrè, mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, kí ni ìyá àgbà sọ gan-an?"

Ó wẹ̀yìn. Ó ní kí n má dárúkọ òun. Ó wá sọ ọ́ bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́, títí kan ohùn wọn:

"Irọ́ leré yẹn. Wọ́n di ẹ̀bi ru ìyàwó. Àwọn méjì tí a gbé fún Oyètúndé lóko, igbá tiwọn fọ́ wẹ́wẹ́, ọwọ́ mi ni mo fi ṣà á. Ìkankan nínú wọn kò lo ọdún kan nílé wa kó tó kú. Ẹnu ọ̀nà tiwa ni kò dára. Ẹ bá mi sọ fún Akínwándé kó di ọmọ rẹ̀ mú, kó má gbé e wá."